Ìwé Tí Kò Ní Ìbéèrè Lẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ níbi ìpàdé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn nìyí. Mo fi díẹ̀ kún un níbi tí àkókò kò jẹ́ kí n sọ tán lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín pa kí ẹ tó wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n tò síwájú, ẹ̀yin ni mo kí jù, torí mo mọ̀ pé wọn ò bi yín bóyá ẹ fẹ́ wá.

Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi pè mí, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí "Pàtàkì Ìwé Kíkà Láwùjọ Òde Òní." Gbogbo wa la mọ ohun tí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ń retí. Ó ń retí kí n sọ pé ẹ kàwé kí ẹ lè di dókítà, kí ẹ lè di lọ́yà, kí n sì rán yín létí orin bàtà tó ń dún kokokà lẹ́sẹ̀ ẹni tó kàwé, tó ń wọ́ ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò kà á. Orin náà dára, èmi náà kọ ọ́ dáadáa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fetí sí i, bàtà ló ń polówó. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó wà nínú ìwé.

Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún kéré ju àkọlé yẹn lọ. Mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé-ẹ̀kọ́ yìí máa ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní ìbéèrè lé lórí. Kì í ṣe ìwé tí WAEC yàn, kì í ṣe èyí tí JAMB yàn. Ìwé tó jẹ́ pé bó bá kà á tán, ó tán nìyẹn. Bó bá sì sú u ní ojú ewé kejìlá, kó gbé e sílẹ̀, kó mú òmíràn, kẹ́nikẹ́ni má sì pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ wo bí ìwé ṣe ń dé ọwọ́ ọmọ lọ́dọ̀ wa. Inú lísìtì ló ti ń wá, iye owó rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, òbí á sì kọ́kọ́ kígbe kó tó sanwó. Ọmọ ò tíì ṣí ìwé, ó ti mọ̀ pé ìwé yìí ná bàbá òun lówó, pé ó di dandan kí òun fi gbà á padà. Ó ṣí i. Orí kìíní parí, ìbéèrè márùn-ún dúró dè é: Ta ni olú ẹ̀dá ìtàn? Níbo ni ibùdó ìtàn? Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́? Orí kejì, bákan náà. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé kì í pẹ́ mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, pé kò pọn dandan kí òun ka ìtàn, ìdáhùn ni kí òun máa wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé pẹlẹbẹ tó ń ṣe àkékúrú ìwé ìtàn fi ń tà ju ìwé ìtàn gan-an lọ. Mo ti bá ọmọ SS3 sọ̀rọ̀ rí tó lè ka orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn inú ìwé kan fún mi, tó mọ kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí kò sì ṣí ìwé náà rí. Mo bi í pé ṣé ìtàn náà dùn. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ní ìbéèrè tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.

Bí a bá ń bi ọmọ ní ìbéèrè lẹ́yìn gbogbo òkèlè ẹ̀bà, kò ní pẹ́ tí ebi yóò fi wù ú ju oúnjẹ lọ.

Àwọn baba wa ò ṣe é báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà, ẹ ó rántí pé àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń ṣáájú, ìyẹn ni pé bí a bá tilẹ̀ fẹ́ bi ara wa ní ìbéèrè, a ti ṣe é tán kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni apàlọ́ á wá ní "Àlọ́ o," tí a ó ní "Àlọ̀," tí Ìjàpá á jáde, tí orin á bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ilé á máa gbè é. Òótọ́ ni pé apàlọ́ lè sọ ẹ̀kọ́ kan ní ìparí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba òdo. Kódà, bí ẹ bá wò ó, apàlọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìdánwò: òun ló ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ró, tó wá fi ọwọ́ gbá ẹnu, pó, pó, pó. Olùgbọ́ kàn ń wòye bóyá agogo náà ró ni. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ló yí i padà, tó wá ń gbá ọmọ lẹ́nu.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwa Yorùbá, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ ní gbogbo ènìyàn dúdú, kì í kàwé fún ìgbádùn. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú, torí ẹni tó bá ń sọ ọ́ ò mọ ìtàn. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá lọ́dún 1859, ní èdè wa. Ó di ọdún 1929, I. B. Thomas tó ń ṣe Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde nínú ìwé ìròyìn náà. Sẹ̀gilọlá lobìnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ti gbáfẹ́ nígbà èwe, ó ti darúgbó, àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ka ayé tó jẹ ní Èkó fún àwọn òǹkàwé, díẹ̀díẹ̀, láti ìtẹ̀jáde kan dé èkejì. Ará Èkó gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n ń bá Sẹ̀gilọlá kẹ́dùn. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀, lọ́dún 1930 ó sì di odindi ìwé. Ta ló fipá mú àwọn ará Èkó ka Sẹ̀gilọlá? Kò sí ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ni, ó parí.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ní 1938, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS gbé ìwé olùkọ́ kan jáde, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ló kọ ọ́ fún. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀: Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ wá di ìwé tí àwọn bàbá wa ń ka àwọn ibì kan nínú rẹ̀ lórí láì wò ó. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó mọ̀wé kà sì wá pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìgbà tí àwọn ọmọ yẹn dàgbà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wọn ní Àjà Ló Lẹrù, ní 1969, tí Lápàdé tó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, láì fi bò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe dùn tó, ẹ bi àwọn òbí tó jókòó lẹ́yìn yín, mo ti ń rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Òǹkàwé ò sì tíì tán nílùú yìí. Ẹ lọ síbi tí fẹ́ńdọ̀ bá pàtẹ ìwé ìròyìn sí láàárọ̀, ẹ ó bá ọkùnrin bíi mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ síwájú, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn torí fẹ́ńdọ̀ ò gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ń ka gbogbo àkọlé, wọ́n ń jiyàn lórí Arsenal. Ẹgbẹ́ Free Readers là ń pè wọ́n, a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Mo tún fẹ́ràn ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra ẹ̀pà, tó jẹ ẹ̀pà tán lójú ọ̀nà, tó wá tẹ́ bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn kó lè ka ìdajì ìròyìn tó wà níbẹ̀, tí inú sì ń bí i pé ìdajì kejì ti bá ẹ̀pà ẹlòmíràn lọ. Ọmọ yẹn ti di òǹkàwé. Ìwé ni kò ní.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín: kí ni ìyẹn máa fi kún èsì WAEC? Ó yẹ kí n dá yín lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ká sọ tòótọ́, bí kò bá tilẹ̀ fi nǹkan kan kún un, mi ò ní yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ní erékùṣù Fiji, nínú òkun Pàsífíìkì, àwọn olùwádìí méjì, Warwick Elley àti Francis Mangubhai, fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìgbèríko ṣe ìwádìí ní nǹkan bí ọdún 1980. Àwọn ọmọ náà dà bí àwọn ọmọ wa: Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè tí wọ́n ń sọ nílé, ìwé ò sí nílé wọn. Wọ́n kó ìwé ìtàn 250 lọ sí kíláàsì kẹrin àti karùn-ún, ìwé aláwòrán, ìwé tó ń pani lẹ́rìn-ín. Ní àwọn kíláàsì kan, olùkọ́ ń kà á fún wọn, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní àwọn mìíràn, wọ́n kàn fún àwọn ọmọ láàyè láti kà á sínú fúnra wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kù ń bá ìwé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ tó rí ìwé ìtàn kà nínú ìwé kíkà jẹ́ ìlọ́po méjì bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ogún oṣù, ó ti ran ìwé kíkọ wọn pàápàá. Ọdún 1983 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ka sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí: wọn ò kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní gírámà kankan kún èyí tí wọ́n ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Ìtàn ni wọ́n fún wọn.

Ẹnì kan lè ní ọmọ olówó ló ń rójú ka ìwé fàájì. Lọ́dún 2000, OECD, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, dán àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgbọ̀n. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ tí iṣẹ́ òbí rẹ̀ rẹlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn ìwé kíkà tọkàntọkàn, ṣe dáadáa ju ọmọ tí òbí rẹ̀ wà nípò gíga ṣùgbọ́n tí kì í fẹ́ rí ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata, tí ẹ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwà, tí ẹ rò pé ẹ ò ní ohun tí ẹ lè fún ọmọ yín, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Ó kan ẹ̀yin olùkọ́. Mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan sì wà tí mo máa ń bá pàdé. Inú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló máa ń wà. Àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní gíga sí kúkúrú, ọ̀rá ṣì wà lára àwọn mìíràn. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà sì ti lọ fún ìpàdé ní Sẹkitéríàtì. Bí mo bá bèèrè ìdí, wọ́n á ní àwọn ọmọ yìí á fa ìwé ya, wọ́n á jí i gbé. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan á fà á ya, àwọn kan á jí i. Ìwé tí ọmọ jí, ó ṣeé ṣe kó kà á. Èyí tó wà nínú gíláàsì, ikán ló máa kà á. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé á máa sọnù, kí ẹ sì máa ra òmíràn. Wọ́n wà lábẹ́ bíríìjì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tókunbọ̀.

Ohun kejì ni àsìkò. Ẹ fún wọn ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn àsẹ́ńbílì. Ẹnu gbogbo wa á pa, gbogbo wa á máa kàwé. Mo ní gbogbo wa. Olùkọ́ ò ní máa maàkì ìwé, kò ní jáde lọ ra mọ́ínmọ́ín. Kí ó jókòó síwájú kíláàsì pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín bó bá dé ibi tó pani lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí àgbàlagbà kan rí lójú ara rẹ̀ tó ń ka ìwé tí kì í ṣe Bíbélì, Kùránì tàbí ìwé iṣẹ́. Bí aago bá lù, ẹ pa ìwé dé, kí Matimátíìkì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n kọ àkékúrú ohun tí wọ́n kà. Mo bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ wà níbí tí wọ́n ti ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ Yorùbá, òbí sì ń sanwó kí wọ́n lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwà dáhùn ìyẹn láti ọdún 1970, nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n sì ní láti kọ ọ̀pọ̀ ìwé náà fúnra wọn. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Nítorí náà, ọmọ tó ń ka ìtàn ní Yorùbá nílé yín ò pàdánù nǹkan kan. Ó lè kọ́kọ́ ní àmì ohùn ń dí òun lọ́wọ́. Ẹ ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́ sókè fún un, kó máa fojú bá yín lọ. Etí rẹ̀ ló máa kọ́ ojú rẹ̀. Bí owó ìwé ò bá sí, fún àwọn àbúrò rẹ̀ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìkànnì African Storybook ní ìtàn aláwòrán ní Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù ni.

Ẹ ń mi orí nítorí mo dárúkọ fóònù. Mo mọ̀. Ẹ ní òun ló pa ìwé kíkà. Mo gbà díẹ̀, TikTok ò fi ọmọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọbìnrin yín ń ṣe lábẹ́ aṣọ ìbora ní aago mọ́kànlá alẹ́. Nígbà mìíràn, ìtàn alápá púpọ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp ló ń kà, ó ti dé apá kẹtàdínlógún, ó ń dúró de ìkejìdínlógún. Wọ́n kọ ọ́ wúruwùru, gírámà rẹ̀ ṣẹ́, ọkọ inú ìtàn náà kàn dédé di bílíónìà. Òun náà ti bá àwọn ará Èkó tó ń dúró de lẹ́tà Sẹ̀gilọlá pé lójú ìlà kan náà. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò dára tó. Ẹ fi ìwé kan tó jù ú lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Kí ẹ kàn ní kó sùn, torí ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́la.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ló kàn báyìí, mi ò ní pẹ́. Ẹ lè fo ojú ewé. Ẹ lè ka ìparí kí ẹ tó ka ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà máa ń ṣe é bí ọkàn mi ò bá balẹ̀. Ẹ lè ka ìwé kan ní ìgbà mẹ́rin. Ẹ lè ka ìtàn ìgbésí ayé agbábọ́ọ̀lù, ìwé bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, ìwé ìfẹ́, ìwé tó ń dẹ́rù bani. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, tí ẹ sì ń gbọ́ ìtàn náà lọ, ẹ fi sílẹ̀, ẹ máa lọ. Ó máa tún yọjú níwájú, yóò sì ti rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé yẹn ò kún fún ọgbọ́n, ẹ ní olùbánisọ̀rọ̀ ọjọ́sí ló ní kí ẹ kà á.

Kí a tó bọ́ sórí ìbéèrè, ẹ wo tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìwé ló wà lórí rẹ̀, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tókunbọ̀ lèyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀yìn méjì tàbí mẹ́ta ti ya. Bí ẹ bá ń jáde, kí kálukú mú ẹyọ kan, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ìwé náà sínú ìwé àjákọ tó wà níbẹ̀, kí a lè mọ ibi tó wà nìkan ni. Bí ẹ bá kà á tán, tàbí ó sú yín, ẹ gbé e padà, kí ẹ mú òmíràn. Kí àwọn JSS1 kọ́kọ́ lọ mú tiwọn. Bí a bá jẹ́ kí àwọn SS ṣáájú, wọ́n á ti kó gbogbo èyí tó dùn lọ.